Fọ́ọ̀mù Tí Mi Ò Lè Bá Ọ Fọwọ́ Sí

Ọmọ mi ọ̀wọ́n, àdúmáadán mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le? Ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé ọ̀gá yín kì í yọ ọ́ lẹ́nu? Ọlọ́run tó dá ọ sí di òní kò ní jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ ṣì, níbi tí wọ́n bá ti ń wá ẹni rere, orúkọ rẹ ni wọn yóò kọ́kọ́ dá. Àmín. Gbogbo wa la wà ní àlàáfíà nílé, àyàfi bàbá rẹ tó ti ń fi ṣòkòtò wẹ̀ láti ọjọ́ mẹ́sàn-án.

Má jẹ́ kí àyà rẹ já, orí rẹ̀ pé. Rédíò ló sọ̀rọ̀ òfin kan láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, pé ẹni tó bá ya àwòrán ìhòòhò ẹlòmíì, tàbí tó fi ránṣẹ́ káàkiri láìgba àyè lọ́wọ́ ẹni náà, ẹ̀wọ̀n ni. Bàbá rẹ ní kò sẹ́ni tó mọ ibi tí àwọn fóònù ayé ìsinsìnyí ń kọjú sí, pé òun ò ní fi ara òun ti ọmọ ọlọ́mọ sẹ́wọ̀n. Bó ṣe ń wọ ṣòkòtò lọ sí balùwẹ̀ nìyẹn, tí omi ń ro tótó gba àárín pálọ̀ mi. Mo bá a jà títí, ó ní òfin lòfin ń jẹ́.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tèmi ló burú jù. Ìwọ náà rò ó wò: ogójì ọdún ó lé mẹ́ta ni mo fi gbẹ̀bí nílùú yìí. Ìdajì àwọn tó ń rìn kiri lójú pópó, ìhòòhò goloto ni wọ́n bọ́ sí mi lọ́wọ́, àwòrán gbogbo wọn sì wà lórí mi digbí. Kò sí ìkankan nínú wọn tó fún mi láyè, ẹkún ni wọ́n ń sun. Tí n ò bá sì ní parọ́, mo ti fi díẹ̀ ránṣẹ́ káàkiri: àmì tó wà nídìí ọ̀gá iléèwé, tó dà bí ìkòkò tó dojú dé, ó kéré tán mo ti júwe rẹ̀ fún ènìyàn méje.

Mo bá wọ aṣọ mi tó dáa jù, mo di ìyókù sínú báàgì nítorí ẹ̀wọ̀n, mo gba àgọ́ ọlọ́pàá lọ láti fa ara mi lé wọn lọ́wọ́. Sájẹ́ǹtì tó wà lórí kántà, èmi náà ni mo gbẹ̀bí rẹ̀, ẹsẹ̀ ló mú jáde, àtìgbà náà ló ti ń kánjú. Mo ní kó kọ ọ́ sílẹ̀ pé mo jẹ̀bi, àti pé òun náà wà lára àwọn tí mo ṣẹ̀, kó jọ̀ọ́ kó forí jì mí. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín títí fìlà fi bọ́ lórí ẹ̀. Ó ní ohun tó wà lórí mi kì í ṣe àwòrán, pé ẹni tó fi fóònù yà á, tàbí tó ń pín in kiri, ni òfin ń wá. Ó ní ṣùgbọ́n kí n fi ìdí ọ̀gá iléèwé sílẹ̀ o, pé ìyẹn ò dáa.

Ibẹ̀ ni mo ti bi í pé tí ọkùnrin kan bá ya ọmọbìnrin ní ìhòòhò láìjẹ́ kó mọ̀ ńkọ́, tí ọmọ náà wá kọ̀ ọ́ sílẹ̀, tó sì fi ìbínú pín in fún gbogbo ayé? Sájẹ́ǹtì ò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó fa àga fún mi.

Ọmọ mi, mo mọ̀. Ó ti tó oṣù mẹ́rin. Mo mọ ìdí tí o fi ń sọ pé iṣẹ́ ò jẹ́ kí o wálé, mo sì mọ ohun tí Wáyà, oníṣẹ́ iná tó yẹ kó di ọkọ rẹ, ṣe sí ọ. Ìyá ẹlẹ́rọ tó ń lọ àgbàdo lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa ló gbé fóònù wá pé kí n wá wo ọmọ mi. Mi ò wò ó. Mo di ojú mi méjèèjì, mo tún fi ọwọ́ bò ó, mo dijú bẹ́ẹ̀ rìn lọ forí sọ ìlẹ̀kùn. Mo sunkún lọ́jọ́ náà. Kì í ṣe ìtìjú rẹ ni mo ń sunkún sí, bí o ṣe ń dá ẹrù náà gbé ló dùn mí.

Bí mo ṣe kúrò ní àgọ́, ọ̀dọ̀ ìyá ẹlẹ́rọ ni mo gbà lọ, mo ní kó pa á rẹ́ níṣojú mi. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní ṣebí inú fóònù gbogbo ìlú ló wà. Èmi ni mo gbẹ̀bí òun náà. Mo wo ìdí rẹ̀ fìrí, mi ò sọ nǹkan kan. Kíá ló pa á rẹ́. Bí mo ṣe ṣe ní ilé mọ́kàndínlógún nìyẹn, mi ò bú ẹnikẹ́ni, mo kàn ń kí wọn, mo ń rántí. Bí wọ́n bá pa á rẹ́ tán, mo ní kí wọ́n yọ bátìrì, kí wọ́n sá fóònù sóòrùn bí ẹní tí ìdun wọ̀, kí ẹyin rẹ̀ má bàa pa níbẹ̀.

Àwọn ọlọ́pàá ti pe Wáyà. Ó ní fóònù òun ti já sómi, àfi bí fóònù ṣe ń dún lápò rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì ló wá kúnlẹ̀ níwájú ilé wa, ó ní òun á kúkú gbé ọ níyàwó báyìí kí ọ̀rọ̀ lè parí. Bàbá rẹ já jáde láti balùwẹ̀, ó ní ẹni tó jí adìẹ òun gbé, ṣé àgò ni kí òun tún gbé fún un ni? Ó lé e dé títì. Ọjọ́ yẹn ni mo dúpẹ́ fún ṣòkòtò.

Fọ́ọ̀mù ẹjọ́ tí Sájẹ́ǹtì fún mi ló wá kù. Ojú ewé mẹ́rin ni, mo sì kọ ọ́ dáadáa. Níbi tí wọ́n ti bèèrè ọjọ́ ìbí rẹ, mo kọ ọjọ́, wákàtí, àti bí òjò ṣe pọ̀ tó. Níbi ẹlẹ́rìí, mo kọ Ọlọ́run, mo fi àdírẹ́sì ilé wa sí i, torí ibẹ̀ ni mo ti máa ń bá a sọ̀rọ̀. Níbi tí wọ́n ní kí a má kọ nǹkan kan, àyè ibẹ̀ mọ́ tónítóní, ó wù mí, mo fi àdúrà kékeré kan síbẹ̀. Sájẹ́ǹtì kàn di orí mú ni. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe fẹ́ fọwọ́ sí i, ó gba bírò lọ́wọ́ mi, ó ní ẹni tó ni ara ló ń fọwọ́ sí i. Mo ní èmi ni mo bí ara ọ̀hún. Ó ní òfin ò mọ ìyẹn.

Mo bínú délé. Nígbà tí mo jókòó ni mo wá rí i pé òótọ́ ló sọ. Wáyà ò bi ọ́ kó tó yà á. Ìyá ẹlẹ́rọ ò bi ọ́ kó tó wò ó. Èmi náà, ilé mọ́kàndínlógún ni mo wọ̀, mi ò bi ọ́. Má bínú sí mi.

Owó awò ojú àti ti bátìrì rédíò ni mo fẹ́ tọrọ, torí lẹ́tà inú fọ́ọ̀mù yẹn kéré bí ẹyin iná orí. Ṣùgbọ́n bó bá wù ọ́ láti wálé, fi owó náà wọkọ̀, awò lè dúró. Bí kò bá tíì wù ọ́, fi owó awò ránṣẹ́, mi ò ní bínú.

Mò ń bi ọ́ wàyí: ṣé kí ẹjọ́ yìí máa lọ? Bí o bá ní rárá, màá lọ gba fọ́ọ̀mù náà padà, mi ò ní bèèrè ìdí. Bí o bá ní bẹ́ẹ̀ ni, èmi àti bàbá rẹ á wá pàdé rẹ níbùdókọ̀, a ó fi ọ́ sáàárín, a ó gba iwájú gbogbo ilé ìlú yìí kọjá lọ sí àgọ́, lọ́sàn-án gangan.

Ọlọ́run yóò tún ọ̀nà rẹ ṣe. Orí rẹ ò ní tẹ́ láéláé.

Èmi ni, ìyá rẹ.