Adé Iyọ̀ Ti Yọ́, Ìyá Rẹ Sì Ti Kó Lọ Sílé Ẹ̀gbọ́n Rẹ̀

Sí ọmọ mi obìnrin tí ń gbé níbi tí iná kì í kú,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ìrìn, mo kí ọ kú ìjókòó sídìí kọ̀ǹpútà láti àárọ̀ títí ẹ̀yìn á fi máa ro èèyàn. Ẹni tó bá ń wá ìṣubú rẹ níbi iṣẹ́, àga tirẹ̀ ni ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò kọ́kọ́ yẹ̀. Ara mi le, bí a bá yọ ti ẹsẹ̀ tó máa ń wú bí mo bá dúró gẹrun pẹ́. Ṣọ́ọ̀bù ṣì wà níbi tí o mọ̀ ọ́n sí, dígí ńlá yẹn ṣì sán níbi tí o sọ bọ́ọ̀lù lù nígbà tí o wà ní kékeré, àwọn oníbàárà ṣì ń bi mí pé ta ló fọ́ ọ, mo sì ṣì ń purọ́ fún wọn pé ológbò ni. Gbogbo ilé ló ń kí ọ, àyàfi ìyá rẹ, nítorí pé ìyá rẹ kò sí nílé.

Má jẹ̀ẹ́ kí àyà rẹ já. Kò sẹ́ni tó kú. Ẹyẹ olórí mẹ́ta nìkan ló kú, ìwọ náà sì ti mọ ìyẹn ṣáájú wa. Fíìmù orí tẹlifíṣọ̀n tí o ní ká máa wò yẹn, *Adé Iyọ̀*, òun ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ìwọ lo fi fóònù ńlá ránṣẹ́ pẹ̀lú okùn tí a ń kì bọ ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n, tí o ní kí ṣọ́ọ̀bù lè máa lérò. Ṣọ́ọ̀bù lérò lóòótọ́. Àwọn tí kò ní irun kankan lórí pàápàá ń wá jókòó.

Mo ka ìwé girama títí dé kíláàsì tó kẹ́yìn, èsì tí mo gbà kì í ṣe èyí tí èèyàn ń gbé kọ́ ògiri, nítorí náà ó lè jẹ́ pé èmi ni mi ò lóye. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe yé mi. Ayaba kan ló dé adé tí wọ́n fi iyọ̀ mọ. Bó bá sunkún, adé á yọ́, bí adé bá sì yọ́, ọba ọkọ rẹ̀ kò ní ìjọba mọ́. Ọba kò jẹ́ kó sunkún rárá, kò sì jẹ́ kó rẹ́rìn-ín púpọ̀, torí ẹ̀rín púpọ̀ náà máa ń mú omi jáde lójú. Láti ìgbà tí o ti wọ iléèwé gíga la ti ń wò ó, ogun ń bọ̀. Ogun ń bọ̀ lọ́dún yìí, ogun ń bọ̀ lẹ́ẹ̀míì. Mo ti to àga ṣọ́ọ̀bù de ogun. Nígbà tí apá tó kẹ́yìn dé, ọba dìde, ó ń bá àwọn ọmọ ogun sọ̀rọ̀, ayaba bú sẹ́kún, adé yọ́, ó ń ṣàn bọ̀ lójú rẹ̀, ó fi ahọ́n tọ́ ọ lá, ó rẹ́rìn-ín, ó sì jáde láàfin kí ọba tó parí ọ̀rọ̀. Ni orúkọ àwọn tó ṣe fíìmù bá bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Mo ní kí ẹnikẹ́ni má dìde, mo rò pé ogun wà lẹ́yìn orúkọ. Mo ka gbogbo orúkọ yẹn títí dé ti ẹni tó ń gbé omi fún wọn mu. Kò sí ogun.

Bí ìjà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Bíríkìlà wà lórí àga, mo ti gẹ apá òsì orí rẹ̀ tán. Ó ní òpin yẹn dára, ó ní ogun tí wọn ò jà ló dáa jù. Mo ní irú ọ̀rọ̀ rádaràda wo nìyẹn. Ó ní èmi tí mo ń gẹrun, kí ni mo fẹ́ mọ̀ nípa ogun. Mo ní òun tí gbogbo ògiri tó mọ ń wọ́, kí ló fẹ́ mọ̀ nípa bí nǹkan ṣe ń parí. Ó já aṣọ tí mo fi bò ó lọ́rùn jù sílẹ̀, ó dìde pẹ̀lú ìlàjì orí, ó bá tirẹ̀ lọ. Ó ń dé fìlà kọjá níwájú mi nínú ooru yìí, mo sì gbọ́ pé ó ti lọ gẹ apá ọ̀tún lọ́dọ̀ onígbàjámọ̀ kejì tí kò ní tẹlifíṣọ̀n. Mo rí i nígbà tí atẹ́gùn ṣí fìlà rẹ̀. Ó dà bíi pé orí méjì ni wọ́n lẹ̀ pọ̀.

Tíṣà tó ń gbé ní òdìkejì títì ní ká má bínú, kí kálukú sọ ibi tó dùn mọ́ ọn jù nínú fíìmù náà kí ara lè rọ̀ wá. Mo sọ tèmi: ibi tí ẹyẹ olórí mẹ́ta ti gbé afárá mì pẹ̀lú gbogbo ọmọ ogun tó wà lórí rẹ̀, tí orí àárín wá ń bá orí méjì tó kù jà pé wọn ò bu tòun fún òun. Aránbàtà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù wa ní tòun ni ibi tí ọmọ ogun olójú kan ti bá òjìji ara rẹ̀ jà tí òjìji sì borí. A pariwo, a pàtẹ́wọ́. Ìyá rẹ ń ká táwẹ́lì lórí àpótí lẹ́bàá ilẹ̀kùn bó ṣe máa ń ṣe. Kò sẹ́ni tó bi í, ó dáhùn. Ó ní tòun ni ibi tí alásè ààfin ti bá ayaba ní yàrá ìdáná.

Alásè wo? Aránbàtà ní ṣé èyí tí wọ́n fi ọ̀kọ̀ gún ni. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní kò mà sí nǹkan kan tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ o, mo ní ibi tí mo ti dìde lọ tọ̀ nìyẹn. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù rẹ́rìn-ín. Mo tún ní bí ẹ bá gbé obìnrin kiri gbogbo ààfin, tí ẹ ní kó yan ibi tó wù ú, yàrá ìdáná náà ló máa yàn. Wọ́n tún rẹ́rìn-ín, Tíṣà fẹ́rẹ̀ẹ́ já sílẹ̀ lórí àga. Inú mi dùn sí bí mo ṣe sọ ọ́, mi ò ní purọ́ fún ọ. Ìyá rẹ ká èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tán, ó ní ayaba ṣe dáadáa, ó ní ó kàn pẹ́ jù ni.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo kọ ẹ̀yìn sí i, mo ń fá irùngbọ̀n mi, mo sì ń ṣàlàyé fún un ìdí tí kò fi yẹ kí ẹyẹ yẹn kú. Mo gbé e látorí kìíní, mo dé orí kejì, orí kẹta ni mo wà nígbà tí mo yíjú padà. Kò sí ìyá rẹ. Kò sí báàgì rẹ̀. Kò sí sálúbàtà rẹ̀. Mi ò mọ orí tí mo dé tí mo ti ń bá ògiri sọ̀rọ̀. Mo rò pé ó lọ ra ọṣẹ ni, àfìgbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ránṣẹ́ pé kí n má wá a, pé ọ̀dọ̀ òun ló wà, lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń mọ búlọ́ọ̀kù.

Mo rò ó lọ, mo rò ó bọ̀, mo rí i pé bí wọ́n bá tún òpin yẹn ṣe, ìyá rẹ á padà. Mo bá wọ inú ẹgbẹ́ àwọn olólùfẹ́ *Adé Iyọ̀* tó wà lórí fóònù, èyí tí ìwọ náà wà nínú rẹ̀. Mo bá ìwé kan níbẹ̀ tí èrò ń fọwọ́ sí, pé kí wọ́n lọ ya apá tó kẹ́yìn ní tuntun. Mo fọwọ́ sí i. Mo kọ orúkọ bàbá mi àti ti bàbá bàbá mi, mo júwe ilé, mo ní bí wọ́n bá dé ìdí ọ̀pá iná tó wọ́, kí wọ́n béèrè onígbàjámọ̀. Níbi tí wọ́n ti ní kí n sọ ìdí tí mo fi ń fọwọ́ sí i, mo kọ ọ́ pé ìyàwó mi ti lọ. Èrò rẹpẹtẹ fi àtàǹpàkò sí i, mo rò pé àwọn ẹlẹ́rìí mi ni. Mo fọ kọ́tìnnì ṣọ́ọ̀bù, mo yá àga onítìmùtìmù Tíṣà, mo ń retí àwọn tó ṣe fíìmù. Mọ́tò ńlá kan ṣoṣo ló yà. Ibi tí wọ́n ti ń lẹ táyà ló ń béèrè.

Olórí ẹgbẹ́ yẹn, àwòrán bàbá onírùngbọ̀n funfun tó di ọ̀pá mú ló wà lórí orúkọ rẹ̀, mo sì mọ àgbà bí mo bá rí àgbà. Mo kọ̀wé sí wọn, mo ní mo dọ̀bálẹ̀ o, bàbá, mo tú ọ̀rọ̀ ilé mi sílẹ̀ fún wọn pátá. Wọn ò lè fèsì. Àwọn ojú róbótó tó ń da omijé ni wọ́n kàn ń fi ránṣẹ́, wọ́n tò ó kún ojú fóònù. Ọ̀rọ̀ mi ti wọ̀ wọ́n lára jù. Èmi náà ni mo tún ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má sunkún mọ́.

Ṣùgbọ́n ohun kan ń jẹ mí lọ́kàn, bóyá èmi ni mo ṣì í wò. Ẹgbẹ́ yẹn dáwó ra òdòdó fún ẹyẹ tó kú, èmi náà sì dá a. Nígbà tí atẹ́gùn ṣí òrùlé aránbàtà, a ní kó kú ewu, a padà sídìí tẹlifíṣọ̀n, òun gan-an sì bá wa wò ó nítorí pé ilé rẹ̀ ń jò. Mo rí ohun tí o kọ sínú ẹgbẹ́ lẹ́yìn tí fíìmù parí, ó gùn ju gbogbo lẹ́tà tí o ti kọ sílé lọ. O ní ọkàn rẹ gbọgbẹ́, o ò lè jẹun, o ní irú ìyà yẹn kò tọ́ sí ayaba. Nígbà tí ibà dá ìyá rẹ dùbúlẹ̀, àwòrán ọwọ́ méjì tó pa pọ̀ lo fi ránṣẹ́. Ó bi mí pé kí ni ọwọ́ yẹn ń sọ. Mo ní bóyá o ń pàtẹ́wọ́ fún un.

Mo wá rán aránbàtà sí ìyá rẹ. Mo ní kó sọ fún un pé mo ti gbà pé òpin yẹn kò burú tó bẹ́ẹ̀, bí wọ́n bá ti fi ogun díẹ̀ kún un. Aránbàtà padà dé, ó ní ìyá rẹ ní ọ̀rọ̀ òpin kọ́, ó ní ọjọ́ tí mo bá mọ ohun tí alásè bi ayaba ní yàrá ìdáná, kí n wá bá òun.

Mo béèrè nínú ẹgbẹ́. Ẹnì kan ní alásè béèrè ibi tí ọba kó idà sí. Òmíràn ní alásè yẹn gan-an ló sin ẹyẹ náà láti kékeré, pé ẹni tí kò bá mọ ìyẹn kò mọ nǹkan kan. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bú ìyá ara wọn, kò sì sí ẹnì kan nínú wọn tó padà lọ wò ó. Mo wá ibẹ̀ nínú fíìmù fúnra mi. Mo rí ayaba tó jókòó sórí àpótí, mo rí alásè tó gbé ṣíbí sílẹ̀, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó la ẹnu, dátà tán. Ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, òbìrìkìtì kan ń yí lójú kan níwájú eyín rẹ̀. Mo jókòó tì í pẹ́. Mo rò pé ó ń ronú ohun tó máa sọ ni.

Nígbà tí mi ò rí ọgbọ́n mìíràn dá, mo mu omi, mo gbéra. Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ ṣílẹ̀kùn, kò fún mi lága. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí tí ìyá rẹ wà, ó ń ká aṣọ àwọn ọmọ ilé náà. Mo ní dátà tán kí alásè tó sọ̀rọ̀, mo ní jọ̀ọ́, kí ló bi í. Ó ní alásè bi ayaba pé kí ló ń ṣe é. Mo ní ìyẹn nìkan? Ó ní ìyẹn nìkan, ó ní alásè bi í, alásè sì dákẹ́. Èmi náà dákẹ́, torí pé mo ń retí ìyókù. Àṣé ọ̀dọ̀ ìyá rẹ ni ìyókù wà. Ó bẹ̀rẹ̀ látorí ayaba, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí mo fi rí i pé táwẹ́lì wà nínú ọ̀rọ̀ náà, ibà wà níbẹ̀, ìwọ wà níbẹ̀, ẹ̀rín tí a rín ní ṣọ́ọ̀bù wà níbẹ̀, gbogbo nǹkan tí kò sí nínú fíìmù. Mi ò mọ̀ bóyá gbogbo rẹ̀ yé mi. Ìtọ̀ sì ti ń gbọ̀n mí, omi tí mo mu kò jẹ́ kí n gbádùn. Mo pa ẹsẹ̀ pọ̀, mi ò dìde. Ó ń sọ, mo ń làágùn. Nígbà tó ṣe, ó wo ẹsẹ̀ mi, ó ní kí ló ń ṣe mí. Mo ní kò sí, kó máa bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. Ó bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà di omi lójú rẹ̀, ó ní kí n dìde lọ tọ̀ o, kí n má ba ilẹ̀ ẹ̀gbọ́n òun jẹ́.

Kò tíì padà o. Báàgì rẹ̀ ṣì wà lọ́hùn-ún. Ṣùgbọ́n ó ní òun á wá lọ́jọ́ ìsinmi, ká wo fíìmù náà látìbẹ̀rẹ̀, àwa méjèèjì nìkan, láìsí Tíṣà. Ó ní bí mo bá dìde níbi alásè, òun náà á dìde, òun ò sì ní jókòó mọ́.

Nítorí náà, ọmọ mi, fi owó dátà ránṣẹ́, kó tó èyí tó máa gbé wa dé yàrá ìdáná, kó sì gbé wa jáde níbẹ̀. Fi díẹ̀ lé e kí n fi ra póò tó ní ìdérí, n ó gbé e sẹ́yìn àga. Má sì fi àwòrán ọwọ́ ránṣẹ́ sí ìyá rẹ mọ́. Pè é, bi í, kí o sì dákẹ́.

O ò ní sunkún níbi tí kò ní sí ẹni tí yóò bi ọ́ pé kí ló ń ṣe ọ́. Ohun tí o bá fẹ́ gbọ́, dátà rẹ ò ní tán lẹ́nu rẹ̀. Ọlọ́run á mú ọ wálé kí ojú wa tó di ohun tí o ń rí nínú fóònù nìkan.

Èmi ni bàbá rẹ, onígbàjámọ̀.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé: bí o bá mọ ẹnikẹ́ni nínú àwọn tó ṣe fíìmù yẹn, sọ fún wọn kí wọ́n má wulẹ̀ wá mọ́. Mo ti dá àga Tíṣà padà.