Ilẹ̀kùn Màmá Kọ̀, Ó Sì Gbà

Ọjọ́ Ajé, 2 Oṣù Kẹfà
Kí n kọ ọ́ sílẹ̀ kí orí mi lè balẹ̀. Oṣù tó kọjá, Màmá yọ̀ ṣubú ní balùwẹ̀. Wákàtí méjì ni wọ́n fi wà nílẹ̀. Ilẹ̀kùn wà ní títì látinú, kò sẹ́ni tó lè wọlé, àfìgbà tí aránṣọ òdìkejì títì gbọ́ ohùn wọn, tó fọ́ fèrèsé. Orúnkún nìkan ló wú, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n Alága ti pàṣẹ — àbúrò mi ni o, ẹ̀yìn mi ni mo fi pọ̀n ọ́n, òun ló wá ń ṣe alága lé wa lórí báyìí — pé Àbámẹ́ta 28, ọkọ̀ á wá kó Màmá lọ sílé òun, lókè àjà kẹrin. Màmá ní inú ilé tí bàbá wa kọ́ làwọn máa wà. Mo bá Alága ṣe àdéhùn: bí ilẹ̀kùn bá ṣeé ṣí láìfọ́ nǹkan, tó sì dá a lójú pé Màmá kò dá wà, kí wọ́n dúró. Ó gbà. Mo ra lọ́ọ̀kì onínọ́ńbà lónìí, èyí tó ń bá fóònù sọ̀rọ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin dín díẹ̀. Ó tiẹ̀ pọ̀ jù.

Ọjọ́bọ̀, 5
Gbẹ́nàgbẹ́nà tó fẹ́ bá wa de lọ́ọ̀kì, aago mẹ́sàn-án: "Mò ń bọ̀." Aago méjìlá: "Mo ti wà lọ́nà." Aago mẹ́rin — ó pa fóònù. Orúkọ rẹ̀ nínú ìwé yìí láti òní lọ: Ọ̀gá Mò-ń-Bọ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 7
Ó dé. Ó fi ìka kan ilẹ̀kùn bí dókítà tó ń yẹ àyà wò. "Màdáámù, ilẹ̀kùn pẹlẹbẹ ni wọ́n ṣe lọ́ọ̀kì yín fún. Tiyín nípọn bí ìwé òfin." Òótọ́ ni. Irin inú rẹ̀ ò gùn tó láti la igi já. Èmi tí mo lọ kàwé nípa òwò, tí mò ń kọ́ àwọn ènìyàn pé kí wọ́n wọn nǹkan kí wọ́n tó rà á — n ò wọn ilẹ̀kùn! A ní láti wá irin gígùn. Màmá kàn ń rẹ́rìn-ín lórí àga wọn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10
Ó ní òun ń bọ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 13
Irin gígùn dé, Ọ̀gá Mò-ń-Bọ̀ dé, òjò náà dé. Igi mumi, ó wú. A de lọ́ọ̀kì tán, mo tẹ nọ́ńbà — ó kùn, ó kùn, iná pupa. Ahọ́n irin ò bá ihò rẹ̀ mu. Ilẹ̀kùn ti wọ̀ sílẹ̀ lápá kan láti ọdún gbọ́nhan. Màmá ní, "Fi orúnkún gbé e sókè díẹ̀, kí o fi èjìká tì í. Bí bàbá yín ṣe ń ṣe é nìyẹn." Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Ogójì ọdún la ti ń fi orúnkún bẹ ilẹ̀kùn yẹn, kò sẹ́ni tó rò ó pé àìsàn ló ń ṣe é.
Mo ní, "Màmá, lọ́ọ̀kì ò ní orúnkún."
"Ìwọ lo rà á."
Ọ̀gá Mò-ń-Bọ̀ tú ilẹ̀kùn sílẹ̀, ó fá etí rẹ̀, ó gbé e kọ́ sókè díẹ̀. Iṣẹ́ tó dáa. Kí n má purọ́.

Ọjọ́ Àìkú, 15
Ó ṣiṣẹ́! Pí-pí, ó ṣí wẹ́rẹ́. A yọ ìdábùú inú kúrò. Kọ́kọ́rọ́ irin kan wà lọ́wọ́ mi, bí bátìrì bá kú. Mo kìlọ̀ fún Màmá: nọ́ńbà yìí, àṣírí ni, èmi, ẹ̀yin àti Alága péré. Wọ́n ní, "Mo ti gbọ́." Ó yẹ kí n fura. Màmá kì í tètè gbọ́ báyẹn. Ìrọ̀lẹ́ yìí ni mo padà sí ìlú tí mo ti ń ṣiṣẹ́.

Ọjọ́rú, 18
Fóònù mi: ilẹ̀kùn ṣí ní aago mẹ́fà kọjá ogún ìṣẹ́jú. Mo pe Màmá — orí ibùsùn ni wọ́n ṣì wà. Ta ló wá ṣílẹ̀kùn? "Aránṣọ ni. Ó gbé omi gbígbóná tí mo fi ń jó orúnkún wá." Aago mẹ́wàá: alágbàfọ̀. Aago mẹ́rin: tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, òun àti ìwé ìròyìn rẹ̀. Àṣírí ti di orin àdúgbò! Mo tún pe Màmá, mo jágbe. Màmá ní, "Bí mo bá ṣubú, ṣé ìwọ tó wà ní ìrìn wákàtí mẹ́ta lo máa wá gbé mi?" Mo jókòó sídìí tábìlì ọ́fíìsì mi, mo fi fóònù yí nọ́ńbà padà. Ìṣẹ́jú kan péré. Orí mi wú.

Ọjọ́bọ̀, 19
Aago mẹ́fà ààbọ̀, aránṣọ pè. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti ti Màmá mọ́lé o! Mo tẹ̀ ẹ́ tẹ̀ ẹ́, iná pupa. Omi ti ń tutù lọ́wọ́ mi, orúnkún wọn sì ti le, wọn ò lè dìde wá ṣí i. Ṣé kí n tún fọ́ fèrèsé ni?" Mo gbọ́ Màmá látinú ilé: "Sọ fún un pé ó káre, mánéjà!"
Mo fi fóònù ṣí i. Ojú tì mí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Lọ́ọ̀kì tí mo rà kí èèyàn lè wọlé, òun náà ni mo fi lé èèyàn síta.

Ọjọ́ Àìkú, 22
Àtúnṣe. Lọ́ọ̀kì yìí lè gba ogún nọ́ńbà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ìpàdé lórí fóònù aránṣọ, Màmá lórí àga, èmi lórí bẹ́ẹ̀dì mi níbí. Olúkúlùkù mú nọ́ńbà tirẹ̀, kí n lè mọ ẹni tó wọlé. Ọ̀gá Mò-ń-Bọ̀, tó wá fi epo pa irin, ní òun náà fẹ́ gbà. Màmá: "Kí lo fẹ́ fi ṣe? Ìwọ tí o kì í dé!" Ẹ̀rín bolẹ̀. Mo mú tèmi, mo sì fún Alága ní tirẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 27
Alága ní ọkọ̀ ń bọ̀ lọ́la. Mo ní kó kọ́kọ́ wá ka àkọsílẹ̀ àwọn tó ń ṣílẹ̀kùn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 28
Aago mẹ́wàá. Ọkọ̀ akẹ́rù níwájú ilé. Aránṣọ ló ṣílẹ̀kùn fún èmi àti Alága. Màmá ti wọ bàtà, wọ́n jókòó bí àlejò. N ò rí wọn báyẹn rí.
Mo ti tẹ àkọsílẹ̀ lọ́ọ̀kì sórí ìwé. Mo gbé e lé Alága lọ́wọ́. Láti Àìkú: ìgbà mọ́kànlélógójì ni ilẹ̀kùn ṣí. Aránṣọ lójoojúmọ́, mẹ́fà kọjá ogún. Tíṣà, aago mẹ́rin géérégé. Láàárọ̀ títí dìrọ̀lẹ́, Màmá ò dá wà ju wákàtí mẹ́ta lọ.
Mo bi í: "Ìwọ àti ìyàwó rẹ, aago mélòó lẹ ń jáde?"
"Mẹ́fà, Ẹ̀gbọ́n mi."
"Ẹ ń wọlé?"
Ó wolẹ̀. "Méje ìrọ̀lẹ́."
Ó tún ìwé wò, ó wá fi ìka lé ìsàlẹ̀ rẹ̀, ibi tí èmi fúnra mi ò kà. Àwọn ọmọ Màmá: òdo. Òdo.
Alága jáde, ó ní kí ọkọ̀ akẹ́rù máa lọ ní òfìfo. Ó fa ilẹ̀kùn tì láti ìta, ó tẹ nọ́ńbà tirẹ̀. Pí-pí. Ó wọlé tẹ̀rín-tẹ̀rín: "Mo ti di ẹ̀ẹ̀kan!" Èmi náà sáré jáde, mo tẹ tèmi.
Màmá ti ń bọ́ bàtà. "Ìyẹn ò sí nínú ìṣirò," ni wọ́n wí. "Ẹ kọ́kọ́ padà sílé yín, kẹ́ ẹ wá tún wá."