Òtútù Kọ́ Ló Pa Mí

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ara Màmá le, tèmi náà le. Tiyín ni mi ò béèrè. Ìdí iná ni mo fi yín sí.

Mo rí ìwé tí ẹ kọ sí àwọn tó ṣe géèmù orí fóònù tí a jọ ń ṣe, tí ẹ ní kí n fọwọ́ sí, pé òtútù inú rẹ̀ ti le jù, pé òun ló pa àbúrò yín. Mi ò ní fọwọ́ sí i.

Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe rí. Lọ́jọ́ Sátidé, igi ìdáná wa nínú géèmù náà ku mẹ́ta. Ẹ̀yin lẹ ní, "Ìwọ lọ, ẹsẹ̀ rẹ yá ju tèmi lọ." Mo lọ. Fèrè ìjì dún, ìṣẹ́jú mẹ́rin ló fún mi kí yìnyín tó dé. Mo gé igi méjìlá, mo sì padà dé ẹnu ọ̀nà ilé wa. Ogójì ṣì kù nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀mí mi. Géèmù ò rẹ́ mi jẹ.

Mo kanlẹ̀kùn. Ẹ ní tí ẹ bá ṣí i, ooru máa jáde. Mo kọ ọ́ pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, mo ń kú lọ o!" Ẹ kọ padà: "Pẹ̀lẹ́, kú òtútù o." Kú òtútù! Bí ẹni tó pàdé mi lójú ọ̀nà iṣẹ́. Ibẹ̀ ni mo kú sí, oṣù márùn-ún gbáko tí mo fi ṣe géèmù náà ṣòfò lójú yín.

Mo ti bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀. Mo dáná, mo ṣílẹ̀kùn nínú ìjì, mo ń kà. Nínú ọgọ́rùn-ún ooru, mẹ́fà péré ló jáde. Ọgọ́rin lẹ ní lọ́jọ́ náà, mo rí i. Kí ni mẹ́fà máa fi yín ṣe?

Màmá ní eré ni. Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n látìgbà tí iṣẹ́ ti gbé yín lọ, ibẹ̀ nìkan la ti ń ríra.

Mo ti kọ tèmi sí wọn, pé kí wọ́n má dín òtútù náà kù rárá. Ó le lóòótọ́, àmọ́ ó máa ń fọn fèrè kó tó dé. Ẹ̀yin ò fọn.

Kí Ọlọ́run ṣọ́ yín níbi iṣẹ́, kí àárẹ̀ má mú yín. Inú ń bí mi, àmọ́ tọkàntọkàn ni mo fi gba àdúrà yẹn.

Èmi ni,
Àbúrò yín kan ṣoṣo.

Àfikún: Mo ti kọ́ ilé mìíràn sétí odò kan nínú géèmù náà. Màmá bẹ̀ mí títí pé kí n sọ odò tó jẹ́ fún yín. Mo ní kí ẹ kọ́kọ́ sọ ìdí tí ẹ ò fi ṣílẹ̀kùn.