Abẹ́rẹ́ Àlàájì

Bàbá mi àtàtà,

Mo kí yín láti Ìkòròdú. Ẹ má bínú pé mi ò tíì wá sí Ẹ̀pẹ́ wá ro ẹ̀gbẹ́ sàréè yín. Iṣẹ́ kan ló wà lọ́wọ́ mi ní gbogbo Sátidé, tiyín náà sì ni.

Mo ti ń kàwé. Akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì kan ló ń gbé yàrá tó kọjú sí tèmi, mo yá ìwé rẹ̀ lórí oògùn. Ìwé náà ní kí nọ́ọ̀sì tó fún èèyàn ní oògùn, nǹkan márùn-ún ló gbọ́dọ̀ tọ́: ẹni tó fẹ́ lò ó, oògùn náà, ìwọ̀n rẹ̀, ọ̀nà tí yóò gbà wọ ara, àti àkókò rẹ̀. Mo fi abẹ́rẹ́ tí wọ́n gún yín wọ̀n ọ́n. Oògùn tọ́: ínsúlínì ni, ojúlówó, inú fíríìjì ni wọ́n ti mú un. Ìwọ̀n tọ́. Ikùn ni wọ́n gún un sí, ọ̀nà tọ́. Àkókò tọ́, kí oúnjẹ àárọ̀ tó dé ni. Ohun gbogbo ló tọ́ àfi ẹ̀yin. Mẹ́rin nínú márùn-ún. Ní poli tiwa, ẹni tó bá gba irú máàkì bẹ́ẹ̀, wọ́n á pàtẹ́wọ́ fún un.

Ibà ló gbé yín débẹ̀, kì í ṣe àtọ̀gbẹ. Èmi ni mo sì gbé yín kúrò ní Ẹ̀pẹ́, torí pé ilé ìwòsàn ti Ìkòròdú yẹn ní táìsì tó ń dán. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì, Àlàájì tòótọ́, tó ti dé Mẹ́kà. Ẹ̀yin ò dé Mẹ́kà rí. Ibi tó jìnnà jù tí iṣẹ́ títún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ṣe gbé yín dé ni Àgbádárìgì. Ṣùgbọ́n torí irùngbọ̀n yín àti fìlà funfun, gbogbo etí ọ̀sà ló ń pè yín ní Àlàájì, ẹ sì máa ń dáhùn kí wọ́n tó pè é tán. Bí wọ́n bá ń pe ẹlòmíràn lójú títì, ẹ̀yin lẹ ó kọ́kọ́ juwọ́. Ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín.

Síṣítà Bọ́sẹ̀, nọ́ọ̀sì wọ́ọ̀dù yín, wọlé láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Kò ju ọjọ́ orí mi lọ, ilé tí wọ́n ti kọ́mọ ló ti wá, ó mọ̀ pé wọn kì í pe àgbàlagbà lórúkọ. Ó kúnlẹ̀ sáàárín bẹ́ẹ̀dì méjèèjì.

"Àlàájì, ẹ kú ojúmọ́ o. Ẹ jẹ́ ká gba abẹ́rẹ́ wa, sà."

Àlàájì tòótọ́ ń hanrun. Ẹ̀yin ní, "Èmi rèé, ọmọ mi," ẹ sì ká bùbá sókè.

Mo jókòó ti yín, Bàbá. Ní ilé iṣẹ́ ọ̀dà tí mo wà, iṣẹ́ mi ni kí n ka àkọlé ara garawa kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mẹ́ta kó tó jáde, kí wọ́n má baà fi ọ̀dà búlúù kun ògiri ẹni tó fẹ́ funfun. Mi ò béèrè orúkọ abẹ́rẹ́. Ohun tí mo sọ ni pé, "Ẹ wo ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́." Ṣé ẹ gbọ́ ọ? Ṣé ohun tí ẹ gbọ́ lẹ́nu mi gbẹ̀yìn nìyẹn?

Ẹ ò tíì jẹun láti àná rẹ̀. Kò pẹ́, òógùn tútù bò yín, ọwọ́ yín ń gbọ̀n, ẹ ń fi orúkọ àbúrò yín pè mí. Síṣítà ní ibà ló ń jáde lára. Nígbà tí oorun gbé yín lọ, ó fa kọ́tìnì, ó ní kí n jẹ́ kí Àlàájì sinmi. Ìwé yẹn ní bí ẹni náà bá ṣì lè gbé nǹkan mì, ṣúgà ni kí wọ́n tètè fún un. Ìgò mínírà kan wà lórí tábìlì Síṣítà. Òun ló mu ún. Mo ń wò ó.

Ìrọ̀lẹ́ ni dókítà tó wọn ṣúgà ara yín. Ẹ ò jí mọ́.

Lẹ́tà tí ilé ìwòsàn kọ sí wa ní aláìsàn fúnra rẹ̀ ló dáhùn. Ẹ gbọ́ o: ẹ̀yin lẹ jẹ̀bi. Àbúrò yín ní kí n fi í sílẹ̀ fún Ọlọ́hun. Mo ní mo ti fi í sílẹ̀ fún Ọlọ́hun, mo kàn fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí lọ́yà ni.

Wọ́n gbé àpò ìrẹsì wá bẹ̀ wá. Mi ò gbà á. Mo ní nǹkan kan ṣoṣo ni mo fẹ́: kí Síṣítà Bọ́sẹ̀ tó fún ẹnikẹ́ni ní oògùn, ìbáà ṣe parasitamọ́ọ̀lù, kó dúró ṣánṣán, kó pe orúkọ onítọ̀hún ní kíkún, kí onítọ̀hún dáhùn, kó sì fi wé orúkọ tó wà lára okùn tí wọ́n so mọ́ ọn lọ́wọ́. Kí wọ́n sì gbà mí láàyè láti máa wá jókòó gbọ́ ọ. Dókítà yára fọwọ́ sí i. Ó ní mo lójú àánú.

Bàbá, ẹ̀ bá wá gbọ́ nǹkan. Síṣítà dúró níwájú bẹ́ẹ̀dì àgbàlagbà kan.

"Sùlémọ́nù Àjàní Akíntọ́lá!"

"Ta lò ń pè bẹ́ẹ̀?"

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, òfin ni."

"Òfin bàbá ta? Bó o ṣe ń pe bàbá ẹ nílé nìyẹn? Orúkọ tí ìyàwó mi ò gbọdọ̀ pè!"

Ẹni tó tẹ̀ lé e kò tilẹ̀ dáhùn. Ó kọjú sí ògiri, ó ní òun ò gba oògùn lọ́wọ́ ọmọ tí wọn ò kọ́. Ọmọ tí wọn ò kọ́! Síṣítà Bọ́sẹ̀! Gbogbo Sátidé ni mo ń wọ kẹ̀kẹ́ láti ibùdókọ̀ Benson nítorí gbólóhùn bẹ́ẹ̀, màá jókòó sórí bẹ́ǹṣì, màá máa jẹ ẹ̀pà. Láti ìgbà náà, kò sí ẹni tó gba abẹ́rẹ́ ẹlòmíràn ní wọ́ọ̀dù yẹn. Ẹ má rò pé torí ẹ̀ ni mo ṣe ń lọ. Ojú Síṣítà ni mo ń lọ wò.

Ní Sátidé tó kọjá, ó wá bá mi lórí bẹ́ǹṣì, ó kúnlẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí. Ọ̀rọ̀ bàbá yẹn ò jẹ́ kí n gbádùn."

"Bàbá wo?"

"Bàbá yín."

"Kí lorúkọ wọn?"

Bàbá, kò mọ̀ ọ́n. Láti ọjọ́ yìí wá, Àlàájì náà lẹ ṣì ń jẹ́ lọ́kàn rẹ̀. Ó ní kí n sọ ọ́ fóun. Ṣé èmi ni n ó wá máa pe bàbá mi lórúkọ? Mo ní kó lọ wá fáìlì.

Ó pẹ́ kó tó dé. Ó dúró láàárín wọ́ọ̀dù, ó ṣí fáìlì náà, ó ka orúkọ yín: èyí tí bàbá yín sọ yín, àlàjẹ́ yín, títí dé ti ìdílé wa. Omi ojú rẹ̀ ń kán sórí ìwé.

Mo jẹ́ kó nu ojú rẹ̀ tán.

Mo ní, "Tún un pè."

Kí Ọlọ́hun kẹ́ yín, Bàbá.

Èmi ni ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tí kò tíì dárí ji ẹnikẹ́ni.