Ibi Tí Bíbélì Ilé Wa Máa Ń Ṣí Sí

"Ṣé Ọlọ́run ló wá purọ́ ni, àbí ìwọ? Dá mi lóhùn! Ọwọ́ rẹ yìí náà ni Olúwa fi bá mi sọ̀rọ̀, ìwọ náà lo tún fẹ́ fẹnu rẹ ba ọ̀rọ̀ náà jẹ́? Kúrò níwájú mi! Aláìgbàgbọ́ ọmọ!"

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n, ohun tí Màmá ṣẹ̀ṣẹ̀ pariwo mọ́ mi nìyẹn. Mi ò fi kún un, mi ò sì yọ níbẹ̀. Mo yára kọ ọ́ sílẹ̀ kí n má baà sọ lọ́la pé bóyá etí mi ló tàn mí. Wọ́n ti wọ yàrá tí a ti ń lọ aṣọ, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn gbà. Èmi wà lẹ́yìnkùlé lórí àga pákó, láàárín aṣọ oníbàárà tí a sá, ìwé wà lórí orúnkún mi, ojú mi sì wú bíi búrẹ́dì tó bọ́ sómi.

Mo kí yín lórúkọ Olúwa. Mo kí ọkọ yín, mo sì kí ọmọ tuntun tí mi ò tíì fojú rí. Àdúrà mi ni pé kí lẹ́tà yìí bá yín lórí ìdúró, kó má bá ẹnì kankan nínú yín lórí ìdùbúlẹ̀. Ní tiwa, ǹ bá fẹ́ kọ ọ́ pé dáadáa la wà, bí wọ́n ṣe kọ́ wa nílé ìwé kí wọ́n tó yọ mí, ṣùgbọ́n irọ́ ni yóò jẹ́, irọ́ sì ti pọ̀ tó nínú ilé yìí. Ara Màmá ò yá. Èmi ni mo sì fà á. Ẹ wá ibi jókòó sí kí ẹ tó ka ìyókù.

Ẹ mọ̀ bí a ṣe ń ṣe é nílé wa. Bí ọ̀rọ̀ bá ta kókó, Màmá á gbàdúrà, ẹnì kan á di ojú, á ṣí Bíbélì láìwò ó, á sì gbé ìka lé e. Ibi tí ìka bá balẹ̀ sí, ìdáhùn nìyẹn. Ẹ̀yin lẹ ń ṣe é kí ẹ tó relé ọkọ. Lọ́jọ́ tí ẹ ń lọ, ẹ fà mí sẹ́yìn ọkọ̀, ẹ ní, "Àbúrò, máa ka ìwé náà o, má kàn máa ṣí i." Mo rẹ́rìn-ín. Mo rò pé ẹ̀ ń jowú ni, torí pé ipò yín ti bọ́ sí mi lọ́wọ́.

Ẹ rántí pé dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni Màmá ní, ó fún wọn ní oògùn oníhóró tí wọn yóò máa lò láràárọ̀, ó sì kìlọ̀ pé kí wọ́n má dá a dúró láìsọ fún òun. Wọ́n ń lò ó dáadáa. Orí fífọ́ yẹn ti ń rọlẹ̀. Àmọ́ ó bẹ̀rẹ̀ sí í sú wọn. Wọ́n ní ìgbàgbọ́ ààbọ̀ ni tàwọn, pé ẹni tó fi ẹnu gbàdúrà tán tó tún fi ẹnu kan náà gbé oògùn mì, èwo ni kí Ọlọ́run dá lóhùn níbẹ̀? Mo mọ ẹni tó fi ọ̀rọ̀ yẹn sí wọn létí. Àmín-Méje ni, olórí ẹgbẹ́ àdúrà wa. Èmi ni mo sọ wọ́n lórúkọ yẹn, torí wọn kì í ṣe àmín ẹ̀ẹ̀kan rí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí Màmá gbọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìsinmi kan, Màmá gbé Bíbélì lé mi lọ́wọ́, wọ́n ní kí n bi Olúwa bóyá kí àwọn fi oògùn sílẹ̀. Mo di ojú. Mo ṣí i. Ìka mi balẹ̀ sórí ìtàn obìnrin onísun ẹ̀jẹ̀, ibi tí wọ́n ti sọ gan-an pé ìyà jẹ ẹ́ lọ́wọ́ oríṣiríṣi oníṣègùn, tí kò sàn, tó kàn ń burú sí i. Màmá fò sókè. "Ẹ̀jẹ̀! Oníṣègùn! Kí ló tún kù tí Olúwa ò tíì sọ?" Láti ọjọ́ yẹn, hóró kan ò kan ahọ́n wọn mọ́.

Wọ́n jẹ́rìí ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n pè mí síwájú. Àmín-Méje gbé ọwọ́ mi sókè bíi ti ẹni tó gba ife ẹ̀yẹ, wọ́n pè mí ní Ìka Wúrà, gbogbo ìjọ sì pàtẹ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n mi, ó dùn mọ́ mi. Èmi tí kò parí ìwé, tí gbogbo àdúgbò mọ̀ sí ọmọ alágbàfọ̀, àwọn àgbàlagbà wá ń rọra pè mí sí kọ̀rọ̀ pé kí n bá àwọn ṣí Bíbélì àwọn. Ọ̀kan fẹ́ mọ̀ bóyá kó kó kúrò nílé tó ń gbé. Ọ̀kan fẹ́ mọ̀ bóyá ọkùnrin tó ń wá òun ti ní ìyàwó nílé. Orúkọ àwọn ọmọ Nóà ni ìka mi bọ́ sí, ó ní òun ti lóye. Èmi náà mi orí bí ẹni tó lóye. Mo tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bíi pé ẹyin ló wà lọ́wọ́ mi.

Ọ̀gá mi ló gbin iyèméjì sí mi lọ́kàn, wọn ò sì mọ̀. Ẹ mọ̀ pé ọ̀dọ̀ Bàbá Gọ́ọ̀mù ni mo ti ń kọ́ iṣẹ́ ìwé títún rán. Ṣọ́ọ̀ṣì kan kó àwọn Bíbélì tó ti já wá. Bí ọ̀gá mi ti ń yẹ̀ wọ́n wò, wọ́n á gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan dúró lórí ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n á wá jọ̀wọ́ rẹ̀, ìwé á sì la ara rẹ̀ fúnra rẹ̀. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín: "Wo eléyìí, inú Sáàmù ló ti ń sunkún. Èyí náà, Orin Sólómọ́nì! Ìyàwó ni bọ̀dá yìí ń wá." Wọ́n ní ìwé kì í gbàgbé ibi tí wọ́n ti tẹ ẹ̀yìn rẹ̀ jù, òwú ibẹ̀ á ti dẹ̀, gọ́ọ̀mù ibẹ̀ á ti sán. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín. Lójijì, ẹ̀rín náà gbẹ mọ́ mi lẹ́nu.

Bí mo ṣe délé, mo gbé Bíbélì wa dúró lórí tábìlì, mo jọ̀wọ́ rẹ̀. Obìnrin onísun ẹ̀jẹ̀. Mo pa á dé, mo tún gbé e dúró. Obìnrin onísun ẹ̀jẹ̀. Ni mo bá rántí. Nígbà tí mo ń há ìtàn yẹn sórí fún ìdíje àwọn ọ̀dọ́, ọwọ́ mi méjèèjì máa ń wà lẹ́nu aṣọ kíká, mo bá ń tẹ́ Bíbélì sílẹ̀, mo ń gbé áyọ̀nù tútù lé e kó má baà pa dé. Ojoojúmọ́ ni mò ń ṣe é, títí ìtàn náà fi wọ̀ mí lórí. Áyọ̀nù ló yan ibẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Áyọ̀nù Màmá.

Mo gbé e mọ́ra. Bí mo bá sọ ọ́, Ìka Wúrà kú nìyẹn. Mo wá ń ṣọ́ Màmá bí ẹni tó ń ṣọ́ wàrà lórí iná. Ẹsẹ̀ wọn wú. Wọ́n ń di ògiri mú kí wọ́n tó dìde. Mo bi wọ́n léèrè, wọ́n ní ọ̀tá ló ń jà kó tó sá lọ. Nírọ̀lẹ́ yìí, wọ́n ń lọ aṣọ funfun oníbàárà kan, wọ́n gbé áyọ̀nù lé èjìká aṣọ náà, wọ́n sì dúró bẹ́ẹ̀, wọn ò tì í, wọn ò gbé e. Èéfín yọ. Mo kígbe, mo já áyọ̀nù gbà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n yí ojú wá sọ́dọ̀ mi, wọ́n ní, "Ta ló ti fèrèsé?" Fèrèsé ṣí sílẹ̀ gbayawu. Oòrùn kún inú yàrá.

Mi ò lè dákẹ́ mọ́. Nígbà tí ojú wọn padà bọ̀ sípò, mo gbé Bíbélì dúró níwájú wọn, ó la síbẹ̀, mo sì sọ gbogbo rẹ̀. Màmá wo ìwé, wọ́n wo áyọ̀nù, wọ́n wò mí. Wọ́n ní, "Ta ló ní kó o gbé áyọ̀nù síbẹ̀? Ṣé kì í ṣe Ọlọ́run náà ni?" Mo ní, "Màmá, ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ dókítà." Ìgbà yẹn ni ariwo tí mo kọ sókè yẹn bẹ́. Kí wọ́n tó ti ilẹ̀kùn, wọ́n ní lọ́la, níwájú gbogbo ẹgbẹ́ àdúrà, èmi ni n ó tún un ṣí. Bó bá ní kí àwọn lo oògùn, àwọn á lò ó. Bí kò bá sọ bẹ́ẹ̀, kí n má tún la ẹnu mi sí i mọ́ láé.

Ẹ̀gbọ́n mi, Bíbélì náà ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi níbí. Áyọ̀nù náà wà níbí, ó ti tutù. Mo mọ ibi tí ọba kan ti ṣàìsàn dójú ikú, tó gbàdúrà, tí Ọlọ́run gbọ́, síbẹ̀ tí wòlíì ní kí wọ́n mú èso ọ̀pọ̀tọ́ lé ojú oówo rẹ̀. Àdúrà àti oògùn lójú kan náà! Bí mo bá tẹ ẹ̀yìn ìwé náà síbẹ̀ bí ọ̀gá mi ti kọ́ mi, tí mo gbé áyọ̀nù lé e di àárọ̀, ibẹ̀ ló máa ṣí sí. Màmá á lo oògùn. Àmín-Méje á ṣe àmín mẹ́rìnlá. Èmi á ṣì jẹ́ Ìka Wúrà. Ta ló máa mọ̀? Mo ti ṣí i síbẹ̀. Mo ti gbé áyọ̀nù sókè.

Mo gbàdúrà, kì í ṣe irú èyí tí à ń pariwo. Mo ní, "Olúwa, mi ò mọ ohùn rẹ yàtọ̀ sí ohùn ara mi." Ohùn kankan ò dún. Aṣọ ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lórí okùn, ó tán. Ni mo bá rántí ohun tí ẹ sọ fún mi lẹ́yìn ọkọ̀. Mo gbé áyọ̀nù sílẹ̀, mo padà sí ìtàn obìnrin yẹn, mo sì kà á, kì í ṣe ìlà kan, orí náà látòkè délẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n sórí, òun ni mo fi gba ipò kìíní, ṣùgbọ́n mo rí i pé mi ò tíì kà á rí. Obìnrin náà rí ìwòsàn láàárín èrò, kò sẹ́ni tó mọ̀, ó fẹ́ rọra lọ. Jésù ló dúró, tó ń wá a. Obìnrin náà jáde wá, ó ń gbọ̀n, ó sì sọ gbogbo òótọ́ níṣojú gbogbo wọn. Nínú orí yẹn náà, ọmọdébìnrin kan kú, Jésù jí i. Ẹ mọ ohun tó sọ lẹ́yìn náà? Ó ní kí wọ́n fún un ní nǹkan jẹ. Ẹni tó jí òkú o! Kò sọ pé kí wọ́n máa fi ìgbàgbọ́ bọ́ ọmọ náà. Ó ní kí wọ́n wá oúnjẹ.

Mo ti mọ ohun tí n ó ṣe lọ́la tí wọ́n bá pè mí síwájú. Mi ò ní sọ fún Màmá. Mi ò ní sọ fún ọ̀gá mi. Ẹ̀yin náà, ẹ foríjì mí, mi ò ní kọ ọ́ síbí, torí bí mo bá kọ ọ́ tán, ó lè máa ṣe mí bíi pé mo ti ṣe é. Ẹ ṣáà máa bá mi gbàdúrà, kí ẹ sì tètè wá. Tiyín ni Màmá máa ń gbọ́. Bí wọ́n bá lé mi, ọ̀dọ̀ yín ni mò ń bọ̀, n ó máa fọ aṣọ ọmọ.

Kí Olúwa ṣọ́ ilé yín. Kí ọmú yín má gbẹ. Kí ọmọ yẹn dàgbà, kó mọ ohùn Ọlọ́run ju bí èmi ti mọ̀ ọ́n lọ, kó má sì sí ohun tí yóò gbé ìyá rẹ̀ lọ kó tó mọ ojú rẹ̀. Àmín, ẹ̀ẹ̀kan péré.

Èmi ni àbúrò yín tí ẹ pọ̀n dàgbà, tí inú ń bí, tí ẹ̀rù sì ń bà.

Àfikún: Mo rí oògùn Màmá. Wọn ò dà á nù. Inú àpò èédú áyọ̀nù ni wọ́n fi í sí, wọ́n wé e ní aṣọ mímọ́ kí eruku má baà kàn án. Ẹni tó ti pinnu tán kì í wé nǹkan bẹ́ẹ̀. Ó ti wà lápò mi báyìí. Lọ́la, n ó fi Bíbélì sílẹ̀ sórí tábìlì ní pípa dé. Ife omi kan ni mo máa gbé dání.