Ọmọ Mi Ló Ṣẹ́ Irin Ọkọ̀ Sójà Náà, Kì Í Ṣe Mẹkáníìkì

Ọmọ bíbí inú mi ló ba ọkọ̀ yẹn jẹ́, mo sì jókòó, mo ń wo àwọn ará ilé bí wọ́n ṣe ń bú mẹkáníìkì tí kò mọwọ́mẹsẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, inú ń bí mi gan-an. Mi ò mọ̀wé, ọmọ-ọmọ mi obìnrin ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù.

Bàbá àwọn ọmọ mi, kí Ọlọ́run forí jìn ín, ló ra ọkọ̀ sójà àtijọ́ kan. Òun ló ń bá wa kó iṣu bọ̀ láti ọ̀nà Àgọ́-Àrẹ, àní lásìkò òjò tí ọkọ̀ mìíràn ń rì sẹ́rẹ̀. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í tu èéfín sójú awakọ̀, a pe mẹkáníìkì kan láti Komu. Ó ní àwọn irin tó so ibi tí èéfín ń gbà jáde mọ́ ẹ́ńjìnnì ti dípẹtà, wọ́n ti lẹ̀ mọ́ra, wọn ò ṣe é fipá tú. Láràárọ̀ á ta epo sí wọn lára, á fi iná yá wọn, á fi òòlù kékeré gbá wọn jẹ́jẹ́, á yí ọ̀kan síwájú díẹ̀, á dá a padà... á máa bá ọkọ̀ sọ̀rọ̀ pé Bàbá Sójà, ẹ má bínú, ilé lẹ ń lọ yìí. A máa ń fi í ṣẹ̀rín. Àmọ́ ó ń tú wọn, ó ku díẹ̀.

Ọjọ́ Jímọ̀, gbogbo ọkùnrin ilé lọ kírun, òun náà lọ. Èmi wà lẹ́yìn àká, mo ń bẹ iṣu èlùbọ́. Ọmọ mi yìí yọ́ padà wálé, kò mọ̀ pé mo ń wo òun, ó ki páìpù gígùn bọ ìdí sípánà, ó fi gbogbo ara rọ̀ mọ́ ọn. Mo gbọ́ ọ nígbà tí irin kan ṣẹ́, ìdí rẹ̀ há sínú ẹ́ńjìnnì... ó tún bọ́ sórí òmíràn. Ẹ má sọ fún mi pé kò mọ̀. Ọmọ àgbẹ̀ ni. Ta ni ò mọ̀ pé béèyàn bá fipá fa iṣu nínú ebè líle lẹ́ẹ̀rùn, ìdajì rẹ̀ á ṣẹ́ sílẹ̀? Ó ti pẹ́ tó ti ń yọ wá lẹ́nu pé ká ta ọkọ̀ náà fáwọn tó ń gé àlòkù irin, àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ò gbà. Ó fẹ́ kó bàjẹ́ kọjá àtúnṣe ni.

Òun náà ló tún kọ́kọ́ pariwo nígbà tí àwọn yòókù ti mọ́sálásí dé. Ó ní kí mẹkáníìkì lọ máa tún kẹ̀kẹ́ ọmọdé ṣe, ó ní ìtàkúrọ̀sọ ló fi ń tú irin. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì gbà á gbọ́. Ọkùnrin yẹn kàn ń wo ọwọ́ ara rẹ̀... Kí ló dé tí mi ò sọ̀rọ̀? Ọmọ mi ni, ọmú mi ló mu. Ṣé ìyẹn wá ní kí n di odi?

Báyìí, àwọn èèyàn ti ń kó ọkọ̀ wọn kúrò lọ́wọ́ mẹkáníìkì náà. Jímọ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n ní kó wá fi Kùráánì búra ní mọ́sálásí pé òun kọ́ ló ṣẹ́ ẹ, ọmọ mi á sì jókòó síbẹ̀, á máa fa tẹ̀sùbáà.

Ọmọ rẹ̀ ló ń bá mi tẹ ọ̀rọ̀ yìí o. Nígbà tí a dé ibi páìpù, ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó bi mí pé Ìyá, ṣé ká yọ ibẹ̀ kúrò? Mo ní rárá, máa tẹ̀ ẹ́ lọ. Ó ń tẹ̀ ẹ́.

Ẹ bá mi dá sí i. Ṣé kí n pe bàbá ọmọ yìí sí yàrá, kó fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́? Àbí kí n rìn lọ sí mọ́sálásí, kí n là á mọ́lẹ̀ kí ọkùnrin yẹn tó gbọ́wọ́ lé ìwé mímọ́? Bí mo bá sì dákẹ́, ojú wo ni kí n fi máa wo ọmọ tó jókòó tì mí yìí?