Ẹ̀rọ Ní Ó Tutù, Ọbẹ̀ sì Ti Kan

Bàbá mi àtàtà,

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú ni mo jókòó sí tí mo ń kọ ìwé yìí, níbi tí ẹ máa ń gbé alùpùpù yín sí. Òjò àná fọ gbogbo àdúgbò wa ní Dutsen Kura mọ́, ilẹ̀ ṣì tutù. Ara Màmá le. Orúnkún ń dùn wọ́n díẹ̀, ṣùgbọ́n wọn ò gbà kí ẹnikẹ́ni bá wọn lọ sọ́jà. Ẹ̀gbọ́n mi Dúpẹ́ ti bí ọkùnrin ní Ìlọrin. Orí ọmọ náà gùn bíi tiyín gẹ́lẹ́. Gbogbo wa la rí i, kò sẹ́ni tó jẹ́ sọ ọ́ níṣojú ìyá rẹ̀.

Ṣé ẹ rántí pé ẹ máa ń sọ fáwọn ará ìjọ pé ọmọ yín ń tún kọ̀ǹpútà ṣe? Àwọn ìyá ìjọ á wá máa gbé rédíò àti áyọ́ọ̀nù tó bàjẹ́ wá fún mi. Ẹ̀rín lẹ máa ń rín. Ó ń dùn mí pé a ò jókòó kí n ṣàlàyé iṣẹ́ mi fún yín dáadáa nígbà tí ẹ wà láyé. Ẹ jẹ́ kí n gbìyànjú ẹ̀ lónìí, torí ohun kan ṣẹlẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ mi, kò sì sí ẹlòmíì tí mo fẹ́ sọ ọ́ fún bíi yín.

Ẹ mọ fíríìjì abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ta ni ìbá mọ̀ ọ́n jù yín lọ? Ní gbogbo ìgbà èwe mi, ẹ̀yin lẹ ń so kúlà mọ́ ẹ̀yìn alùpùpù lọ sáwọn abúlé, tí ẹ ó padà dé ní ìrọ̀lẹ́ pẹ̀lú eruku pupa nínú irùngbọ̀n. Ẹ ò ní bọ́ bàtà, ẹ ò ní mu omi, àfi bí kúlà bá kọ́kọ́ dé ibòji. Ẹ óò ní ọmọ ọlọ́mọ ló wà nínú rẹ̀.

Ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ irú fíríìjì bẹ́ẹ̀ la ń ṣe ní ilé iṣẹ́ kékeré wa ní Maitumbi. Kọ̀ǹpútà ni, ṣùgbọ́n kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. A óò so ó mọ́ ara fíríìjì, yóò máa fi nọ́ńbà sọ bí inú rẹ̀ ṣe tutù tó, bí ooru bá sì fẹ́ ba abẹ́rẹ́ jẹ́, yóò figbe ta. Bátìrì wà nínú rẹ̀, kó má bàa kú tí iná bá lọ. Ṣíìpù kan tí kò tó hóró ẹ̀wà ló ń mọ òtútù àti ooru. Àmọ́ ṣíìpù yẹn àti ètò ńlá tó ń darí kọ̀ǹpútà ò gbọ́ èdè ara wọn. Nǹkan kan gbọ́dọ̀ wà láàárín wọn tó gbọ́ èdè méjèèjì. Òun la ń pè ní dẹ́rẹ́bà. Kì í wa ọkọ̀ kankan o, Bàbá. Àkójọ àṣẹ lásán ni. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ṣíìpù, kó sì gbé èsì lọ fún ètò ńlá. Èmi ni mo kọ dẹ́rẹ́bà tiwa.

Mo mú ẹ̀rọ kan wálé kí n fi fíríìjì Màmá dán an wò. Iná burú ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Yóò ṣẹ́jú, yóò rẹ̀ wálẹ̀ bíi fìtílà tí epo ń tán nínú rẹ̀, yóò tún mọ́lẹ̀, kó tó wá lọ pátápátá. Ní Sátidé, Màmá gbé ìkòkò ọbẹ̀ ẹ̀gúsí sínú fíríìjì. Nígbà tí a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, kò tíì síná, ebi sì ti ń pa wá. Mo gbọ́ tí Màmá ṣí ìdérí ìkòkò.

"Ìwọ, wá gbọ́ òórùn yìí."

"Kò lè bàjẹ́, Màmá. Ẹ wo nọ́ńbà yìí. Inú ẹ̀ ṣì tutù dáadáa."

Wọ́n wo ẹ̀rọ, wọ́n wo ìkòkò. "Ẹ̀rọ rẹ ní ó tutù. Ọbẹ̀ mi ní òun ti kan. Èwo nínú àwọn méjèèjì ni ká fi jẹ iyán?"

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Lẹ́yìn náà ni mo ki ọwọ́ bọ inú fíríìjì. Ó gbóná bíi ti kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ. Ẹ̀rín sá lẹ́nu mi, torí irú ẹ̀rọ yẹn gan-an ti wà lára fíríìjì láwọn ilé ìwòsàn kéékèèké yí ká Minna.

Ilẹ̀ ilé ìdáná ni mo jókòó sí tí mo fi so kọ̀ǹpútà mi mọ́ ọn. Mo bi ṣíìpù léèrè, ó dáhùn. Mo tún bi í, èsì kan náà. Bí ara ṣíìpù bá dá, nọ́ńbà rẹ̀ kì í dúró sójú kan; á gòkè díẹ̀, á sọ̀ díẹ̀, bí àyà ẹni tó ń mí. Ti èyí ò mira rárá. Bí iná ṣe rẹ̀ wálẹ̀ láìkú tán yẹn ni ṣíìpù dákú, kí bátìrì tó gba iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ó dákú tòun ti ẹnu. Ó ṣì ń dáhùn, àmọ́ èsì tó ti wà lẹ́nu rẹ̀ kó tó dákú ló ń tún sọ. Dẹ́rẹ́bà mi sì gbà á gbọ́. Àwọn tó ṣe ṣíìpù náà ò kọ ọ́ sínú ìwé wọn pé ó ní àrùn bẹ́ẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, mo lọ bá ọ̀gá mi, Màlámù Idris. Ọmọ Bida ni wọ́n, àárín àwọn Yorùbá ni wọ́n gbé dàgbà, wọ́n ń sọ èdè wa bí ẹni tó ń jẹ súyà, kíákíá, pẹ̀lú ata. Wọ́n fẹ́ràn ẹ̀rọ yẹn bí ọmọ. Wọ́n gbọ́ mi dé òpin, wọ́n fọwọ́ bo ojú.

"Kai! Ṣé a ò lè yọ ṣíìpù náà?"

"Ó ti lẹ̀ mọ́ ọn, Ọ̀gá. Òmíràn á sì pẹ́ kó tó dé."

"Tó bá rí bẹ́ẹ̀, jẹ́ kó máa fi nọ́ńbà tó rí gbẹ̀yìn hàn títí a ó fi rí òmíràn. Bí nọ́ọ̀sì bá rí ẹ̀rọ tó ní òun ò mọ nǹkan kan, wallahi, wọ́n á dá a padà fún wa."

Bàbá, ẹ mọ̀ pé n kì í lè ko àgbà lójú. Síbẹ̀ mo ní, "Ọ̀gá, ẹ̀rọ tó ní òun ò mọ̀ á jẹ́ kí nọ́ọ̀sì fọwọ́ ara ẹ̀ yẹ abẹ́rẹ́ wò. Èyí tó ń purọ́ ò ní jẹ́ kó yẹ ẹ́ wò."

Wọ́n jáde lọ dúró sí àgbàlá, wọ́n káwọ́ sẹ́yìn. Mo ti ń rò pé iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ mi. Nígbà tí wọ́n padà wọlé, kọ́kọ́rọ́ mọ́tò ló wà lọ́wọ́ wọn.

"Mu je," wọ́n wí. "Gbéra. Àwa fúnra wa la ó lọ sọ fún wọn."

A lọ káàkiri àwọn ilé ìwòsàn náà. Ọjọ́ àjẹsára ni a bá pàdé ní Tayi Village. Àwọn ìyá ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú ọmọ lẹ́sẹ̀, àwọn mìíràn wà lórí ẹní lábẹ́ igi máńgòrò. Mo kí nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀, Sista Ladi, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un láìbo ọ̀kankan. Ó ṣí fíríìjì. Ó ń mú ìgò kọ̀ọ̀kan sókè, ó ń wo àmì kékeré ara rẹ̀, èyí tó ń pàwọ̀ dà bí ooru bá ti ba oògùn inú rẹ̀ jẹ́. Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ fi àmì yẹn hàn mí. Àwọn kan ṣì dára. Àwọn kan ti bàjẹ́.

Mo bi í bóyá ó ti fún ọmọ kankan nínú rẹ̀. Ó ní rárá, láti ìgbà tí iná ti ń ṣe ṣégeṣège, òní ni òun ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ ṣí i. Ara ògiri ni mo fara tì. Ọ̀gá mi ń sọ "Alhamdulillahi" lábẹ́lẹ̀, wọn ò dákẹ́.

Ṣùgbọ́n ohun tó kù ò tó gbogbo àwọn ọmọ. Sista Ladi jáde lọ sọ fún wọn. Ìyá kan tó ti fẹsẹ̀ rìn láti oko wà láàárín wọn, eruku wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ dé orúnkún, ọmọ rẹ̀ ń sùn lẹ́yìn. Kò bínú. Èmi ló wò, bóyá torí pé èmi ni mo di kọ̀ǹpútà mú.

"Sai yaushe?" Dìgbà wo?

Bàbá, ǹjẹ́ ó ṣẹlẹ̀ sí yín rí, kí yìnyín inú kúlà yọ́ lọ́nà, kí ẹ débẹ̀ kí ẹ ní kí wọ́n máa padà lọ? Kí lẹ máa ń sọ fún wọn? Ẹ kò sọ ọ́ nílé rí. Àwọn ìrọ̀lẹ́ kan wà tí ẹ máa ń jókòó sórí àga yín láìtan rédíò, Màmá á sì ní ká má yọ yín lẹ́nu. Ṣé irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ nìyẹn?

Mo tún dẹ́rẹ́bà kọ. Ní báyìí, bó bá rí i pé nọ́ńbà ò mira mọ́, kò ní gbà á gbọ́. Yóò jí ṣíìpù náà dìde, yóò da èsì àkọ́kọ́ nù torí ọ̀rọ̀ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí ni, yóò sì tún béèrè. Bí kò bá tíì sàn, kò ní gbé nọ́ńbà kankan jáde, ẹ̀rọ á kígbe. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ dán an wò, ó kùnà. Mo ti ń kánjú jí i jù, ó tún ń dákú. Mo kọ́ láti ní sùúrù fún un. Gbogbo ọ̀sán ni Màlámù Idris fi dúró ti súwíìṣì, tí wọ́n ń pa iná, tí wọ́n ń tàn án, bí ọmọdé. Àwọn náà ló yan ọ̀rọ̀ Hausa tí ẹ̀rọ á máa kọ sójú tí ọ̀rọ̀ bá ti kọjá agbára rẹ̀: "Ban sani ba. Duba da kanka." Mi ò mọ̀. Fojú ara rẹ wò ó. Màmá gbà kí n tún fi fíríìjì wọn dán an wò, ṣùgbọ́n omi lásán ni wọ́n gbé síbẹ̀. Wọ́n ní ọbẹ̀ àwọn kì í ṣe ti ìdánwò.

Kò sí ilé ìwòsàn tó dá ẹ̀rọ padà. Sista Ladi pè mí lọ́jọ́ kan pé iná ṣẹ́jú, ẹ̀rọ kígbe, òun sáré lọ wò ó, kò sì pẹ́ tí ara rẹ̀ fi balẹ̀. Ó ní abẹ́rẹ́ tuntun ti dé. Mo bi í nípa ìyá tó wá láti oko. Kò rántí èwo nínú wọn ni. Mo ṣì ń ronú rẹ̀.

Ó ku ohun kan, òun ló sì mú mi kọ̀wé. Irú ṣíìpù yẹn wà nínú ẹ̀rọ àwọn ẹlòmíì káàkiri ayé. Ọ̀pọ̀ ọwọ́ ló jọ kọ ètò ńlá tí a ń lò, ọ̀fẹ́ ni, ẹnikẹ́ni ló lè tún ibi tó bàjẹ́ nínú rẹ̀ ṣe. Mo fi dẹ́rẹ́bà mi ránṣẹ́ sáwọn tó ń tọ́jú rẹ̀. Ẹnì kan tí mi ò mọ ojú rẹ̀ kọ̀wé padà, ó bi mí ní ìbéèrè, ó ní kí n tún ibì kan kọ, kí n tún un kọ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sú mi. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n gbà á wọlé.

Ẹni tó bá ṣe irú iṣẹ́ yẹn gbọ́dọ̀ fi orúkọ rẹ̀ sí i. Mo kọ tèmi, mo sì kọ tiyín tẹ̀ lé e. N kò fi àmì ohùn sórí rẹ̀, torí náà àwọn àjèjì á máa pè é bó bá ṣe wù wọ́n. Ẹ má bínú.

Nígbà tí mo sọ fún Màmá, wọ́n ní kí n gbé kọ̀ǹpútà mi wá. Wọ́n nu awò ojú wọn, mo sọ lẹ́tà rẹ̀ di ńlá. Wọ́n fi ìka tọ ọ́ láàárín gbogbo gẹ̀ẹ́sì yẹn, díẹ̀díẹ̀, títí ìka wọn fi kan orúkọ yín. Wọ́n dúró síbẹ̀. Wọ́n fọwọ́ pa á bí ẹni tó ń nu eruku kúrò lára aṣọ ẹni.

"Ẹ káàbọ̀, Bàbá Dúpẹ́," wọ́n wí.

Èmi ni ọmọ yín, tó ń jẹ́ orúkọ yín kiri, tí ọkàn rẹ̀ ń fà sí yín lójoojúmọ́.